Ẹ̀kọ́ Júù Tí Kò Ní Ìdánwò: Ìtọ́sọ́nà fún Òṣìṣẹ́ Tuntun Nílé-Ìwé Sẹ́kọ́ńdìrì

Ní àwọn ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì Júù tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríṣi olùkọ́ méjì ló ń kọ́ ọmọ nípa ẹ̀sìn àti ìṣe Júù. Ọ̀kan ń wọ kíláàsì, ó ń fún ọmọ níṣẹ́ àṣetiléwá, ó ń fi máàkì sí ìwé. Èkejì kò ní ìwé kankan tó ń máàkì. Yàrá tó ní àga tìmùtìmù ni ọ́fíìsì rẹ̀. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ọjọ́ ọdún, ìrìn-àjò àti òpin ọ̀sẹ̀ ni àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka tí irú olùkọ́ kejì yìí ti ń ṣiṣẹ́ wà ní JFS ní Kenton ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1732, ó sì wà ní JCoSS ní New Barnet, tó ṣí ní 2010. Iṣẹ́ èkejì yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Àwọn ọmọ Yorùbá wà tó jẹ́ Júù. Ti àwọn kan jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá tó bí wọn, àwọn kan yí padà di Júù nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló lọ bá rábì. Bí o bá wà lára wọn, tí ilé-ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí o kì í bá ṣe Júù, àmọ́ tí ò ń ṣiṣẹ́ nírú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, wàá rí ohun tí wàá mú lò níbí.

Ohun kan ló wà nídìí gbogbo ohun tí màá sọ. Ọmọ tí kò sí ìdánwò lọ́rùn rẹ̀ kò ní padà wá àfi bó bá rí ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ṣe. Píssà máa ń kó èrò wá, kì í kọ́ ẹnikẹ́ni. Wá iṣẹ́ sí ọwọ́ ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ irú ilé tí àwọn ọmọ ti wá

Má ṣe rò pé bákan náà ni gbogbo wọn torí pé ilé-ìwé Júù ni. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, wàá rí ọmọ tí kì í fọwọ́ kan fóònù láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí ilẹ̀ Sátidé fi máa ṣú. Wàá rí èyí tó jẹ́ pé Yom Kippur, Ọjọ́ Ètùtù, nìkan ló ń gbé e dé sínágọ́gù. Wàá sì rí èyí tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù, tí ìyá rẹ̀ kì í ṣe Júù.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. JFS kò gba ọmọ kan torí pé ẹ̀ka Ọ́tódọ́ọ̀sì, àwọn tó di òfin àtijọ́ mú ṣinṣin, kò ka bí ìyá rẹ̀ ṣe di Júù sí. Ní Disẹ́ńbà 2009, ilé ẹjọ́ dá a pé fífi ìran ìyá yan ọmọ lòdì sí òfin tó de ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Láti ìgbà náà, ìṣe ẹ̀sìn ni àwọn ilé-ìwé Júù fi ń yan ọmọ bí àyè kò bá tó, bí ẹ̀rí pé ìdílé ń lọ sí sínágọ́gù. Ọ̀pọ̀ òbí ṣì rántí ẹjọ́ yẹn dáadáa, ó sì ń dun àwọn kan títí dòní.

Nítorí náà, ṣọ́ ẹnu. Má ṣe sọ pé “gbogbo Júù ló ń ṣe báyìí”, sọ pé “nínú ilé àwọn kan, báyìí ni wọ́n ń ṣe é.” Má ṣe bi ọmọ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n ṣe nílé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, torí ọmọ tí wọn kò ṣe nǹkan kan nílé rẹ̀ máa parọ́ ni tàbí kó dákẹ́. Béèrè ohun tí kò sí ilé tí kò ní: ta ló ń se oúnjẹ tí gbogbo yín fẹ́ràn jù nílé?

Ọmọ dúdú tó jẹ́ Júù wà láàárín wọn pẹ̀lú, wọ́n sì ti bi í pé “ṣé Júù ni ọ́ lóòótọ́?” ju bó ṣe lè kà lọ. Ní 2021, ìgbìmọ̀ kan tí Board of Deputies, àjọ tó ń ṣojú àwọn Júù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀, tí akọ̀ròyìn Stephen Bush darí, gbé ìròyìn jáde lórí ohun tí ojú àwọn Júù aláwọ̀ dúdú ń rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dá àbá 119. Wá ìròyìn náà kà kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìwọ náà bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ wọ̀nyí máa wá ọ wá. Fara balẹ̀ gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n má ṣe sọ wọ́n di ẹni tó gbọ́dọ̀ máa ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ kan fún ọmọ Yorùbá bíi tèmi: láwọn ilé-ìwé kan, orúkọ gan-an ni àwọn ọmọ máa ń pe òṣìṣẹ́ ẹ̀ka yìí, kì í ṣe “Miss” tàbí “Sir”. Ó máa kọ́kọ́ rí ọ lára bí ọmọ ọdún 12 bá ké sí ọ pé “Fẹ́mi!” láti òpin kọ́rídọ̀. Jẹ́ kó pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Torí kó lè bá ọ sọ ohun tí kò lè bá olùkọ́ kíláàsì sọ ni wọ́n ṣe fàyè gbà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: parí ọ̀rọ̀ ààbò kí o tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ

Ilé-ìwé máa ṣe àyẹ̀wò DBS fún ọ, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá o ti dáràn rí, wọ́n á sì ní kí o ka ìlànà ìjọba lórí ààbò ọmọ. Mọ orúkọ àti yàrá ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ààbò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Má ṣe ṣèlérí àṣírí fún ọmọ láé. Bó bá ní, “Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ, àmọ́ má sọ fún ẹnikẹ́ni o,” dá a dúró kó tó sọ ọ́, kí o ní, “Màá gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tó lè pa ẹ́ lára, mo ní láti sọ fún ẹni tó máa ràn wá lọ́wọ́.” Ọ̀pọ̀ ọmọ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì gbogbo ilé-ìwé Júù, CST, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn Júù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ìrìn-àjò èyíkéyìí, títí kan rírìn lọ sí sínágọ́gù tó wà nítòsí, ẹ̀ka ààbò gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kó tó dọjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tẹ́ kàlẹ́ńdà méjì sórí tábìlì

Kàlẹ́ńdà Júù ń tẹ̀ lé òṣùpá, nítorí náà àwọn ọdún rẹ̀ kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà ilé-ìwé. Tẹ́ méjèèjì síra wọn ní Júláì, kí o fi bírò pupa sàmì sí ibi tí wọ́n ti forí gbárí.

Rosh Hashanah tí í ṣe Ọdún Tuntun, Yom Kippur, Sukkot tí í ṣe Àjọ Àgọ́, àti Simchat Torah tí í ṣe Àjọ Ayọ̀ Tórà máa ń tẹ̀ léra nínú nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ọkitóbà. Ilé-ìwé máa ń tì nínú púpọ̀ lára àwọn ọjọ́ náà, èyí ló fi jẹ́ pé ṣáájú ọdún ni iṣẹ́ tìrẹ wà, kì í ṣe ọjọ́ ọdún gan-an. Chanukah, àjọ alẹ́ mẹ́jọ, sábà máa ń bọ́ sí Disẹ́ńbà, nígbà tí ìdánwò ìgbaradì ti gbá àwọn ọmọ Year 11 (ọmọ ọdún 15 sí 16) mú. Shavuot, Àjọ Ọ̀sẹ̀, máa ń bọ́ sáàárín GCSE, ìdánwò ìparí Year 11, ní Mèé tàbí Júùnù, nítorí náà Year 7 sí 9 ni kí o ṣe é fún. Purim, àjọ tí wọ́n fi ń rántí ìtàn Ẹ́sítérì, ló dára jù fún ọ: ó máa ń bọ́ sí Fẹ́búárì tàbí Máàṣì, kì í sábà ti ilé-ìwé, àwọn ọmọ sì ń múra bí ẹni tó ń lọ sí eégún.

Ní àárín Disẹ́ńbà, oòrùn ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ilé-ìwé máa ń tètè jáde lọ́jọ́ Ẹtì kí ọmọ lè délé kí Sábáàtì tó wọlé. Má ṣe fi ohunkóhun sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì nígbà òtútù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kọ peula kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Peula ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Júù ń pe ètò kan tí a ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ, tó ní ète, tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ní òpin. Madrich ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́ tó ń darí rẹ̀, madricha bó bá jẹ́ obìnrin. Bí o bá lè kọ peula ìṣẹ́jú 40 kan dáadáa, o ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pọ̀ fún Year 9, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Purim.

Kọ́kọ́ kọ ète sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. “Kí wọ́n mọ ìtàn Purim” kì í ṣe ète. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti jẹ́lé-ó-sinmi. Kọ ọ́ báyìí: “Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ro ìgbà tó yẹ kí èèyàn fi ẹni tó jẹ́ hàn, àti ìgbà tí kò burú bó bá fi pa mọ́.” Nínú ìwé Ẹ́sítérì orí kejì, Módékáì kìlọ̀ fún Ẹ́sítérì pé kó má sọ ìran rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láàfin. Ní orí kẹrin, Módékáì kan náà ló ní kó lọ sọ ọ́ níwájú ọba. Kí ló yí padà? Inú ìbéèrè yìí ni peula rẹ wà.

Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́: fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé tó ní ìṣẹ̀lẹ̀ kan. “O wà nínú bọ́ọ̀sì, o wọ búléésà ilé-ìwé, àwọn ọmọkùnrin kan ń wò ọ́. Ṣé wàá bọ́ ọ?” Wọ́n mọ ohun tí ò ń sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 Ọkitóbà 2023, àwọn ilé-ìwé Júù kan ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún àwọn ọmọ pé kò pọn dandan kí wọ́n wọ búléésà tó ní àmì ilé-ìwé lójú títì. Ọmọ tó wà níwájú rẹ ti ṣe ìpinnu yẹn fúnra rẹ̀, lójú ọ̀nà, láìsí àgbàlagbà nítòsí.

Ìṣẹ́jú 10: ògiri kan ni “màá bọ́ ọ”, ògiri kejì ni “mi ò ní bọ́ ọ”. Kí wọ́n rìn lọ síbi tí wọ́n fara mọ́, àárín náà wà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín. Bi ẹnì kan ní ògiri kọ̀ọ̀kan, kí o sì bi ọ̀kan lára àwọn tó dúró sáàárín, torí ọ̀rọ̀ ti àwọn yẹn ló sábà máa ń jinlẹ̀ jù. Jẹ́ kí wọ́n yí ibi tí wọ́n dúró sí padà bí wọ́n bá fẹ́. Ìwọ, má ṣe sọ ibi tí o máa dúró sí.

Ìṣẹ́jú 10: pín wọn ní méjì-méjì, bí àwọn Júù ti ń ka Tórà láti ìgbà pípẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní chavruta. Fún wọn ní ẹsẹ mẹ́ta péré: Ẹ́sítérì 2:10, 4:13 àti 4:14. Ìbéèrè kan ló máa wà lábẹ́ rẹ̀: ṣé Módékáì tako ara rẹ̀ ni?

Ìṣẹ́jú 10: gbogbo wọn padà sí àyíká kan. Béèrè ohun tí ìwọ gan-an kò ní ìdáhùn sí. Ọmọ ọdún 14 máa ń mọ̀ bó bá jẹ́ pé ìdáhùn ti wà lápò rẹ, tó o kàn ń dúró de ẹni tó máa sọ ọ́, wọn ò sì ní yanu mọ́. Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, ka ogún lọ́kàn rẹ kí o tó sọ nǹkan kan. Ogún gùn gan-an, ṣùgbọ́n ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ kó tó pé.

Ìṣẹ́jú 5 ìkẹyìn ni sikum, ìkádìí. Kì í ṣe ìwàásù. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn ìwé pélébé rẹ̀, kó mú un lọ sílé. Má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí oúnjẹ bá wà, kó jẹ́ kóṣà, ìyẹn èyí tí òfin Júù fàyè gbà, kó sì ní èdìdì tí ilé-ìwé fọwọ́ sí, irú bíi KLBD ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹran àti wàrà kì í pàdé. Ohun tí o sè nílé kò lè wọlé bó ti wù kó dára tó. Kò sí ohun tí Tórà kà léèwọ̀ nínú ẹ̀wà, ata àti òróró tó wà nínú àkàrà, ṣùgbọ́n ìkòkò ilé rẹ ni wọn kò mọ̀. Béèrè nípa ọmọ tí ẹ̀pà ń bá jà pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣètò Shabbaton

Shabbaton ni òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi gbogbo Sábáàtì wà pọ̀ níta ilé-ìwé, ní ibùdó kan ní ìgbèríko. Lójú tèmi, kò sí ohun tí ẹ̀ka yìí ń ṣe tó níye lórí jù ú lọ. Fún wákàtí 25, ọmọ tí kò gbé Sábáàtì rí nílé máa mọ bó ṣe ń rí: kò sí fóònù, kò sí ibi téèyàn ń sáré lọ, wọ́n jẹun pẹ́, wọ́n kọrin, wọ́n lu tábìlì.

Yan ọjọ́ dáadáa. Ní Júùnù, ilẹ̀ kì í ṣú ní Lọ́ńdọ̀nù títí di lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́, oorun á ti gbé àwọn ọmọ lọ kí Sábáàtì tó jáde. Ní Disẹ́ńbà, ọ̀sán gangan lẹ gbọ́dọ̀ ti gbéra. Nófẹ́ńbà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì ló dùn jù.

Ibùdó tí kì í ṣe ti Júù ni ẹ sábà máa lò, nítorí náà lọ wò ó kó tó dọjọ́. Wo ilẹ̀kùn: bó bá jẹ́ káàdì iná mànàmáná ló ń ṣí i, àwọn ọmọ tó ń pa Sábáàtì mọ́ kò ní lè wọ yàrá wọn, bẹ ibùdó pé kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ irin ṣe é tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ní kọ́rídọ̀. Yọ gílóòbù inú fíríìjì. Kó tíṣù onípélébé sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí yíya ìwé wà lára iṣẹ́ tí Ọ́tódọ́ọ̀sì kì í ṣe ní Sábáàtì. Tan iná ibi ìjẹun sílẹ̀ tàbí kí o fi ẹ̀rọ aago sí i. Omi gbígbóná gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, oúnjẹ sì gbọ́dọ̀ ti wà lórí pẹpẹ iná kí ẹ tó tan àbẹ́là, ìyẹn ìṣẹ́jú 18 kí oòrùn tó wọ̀. Gba àṣẹ àbẹ́là lọ́wọ́ ibùdó lórí ìwé, kí ẹ̀rọ tó ń kéde iná má bàa han nígbà tí àwọn ọmọ 60 ń tàn án pọ̀.

Gbé ètò fún àwọn ọmọ. Kí Year 8 hun challah, búrẹ́dì Sábáàtì, lọ́jọ́bọ̀. Kí Year 12 darí orin. Fún Havdalah, ètò tí wọ́n fi ń dágbére fún Sábáàtì lálẹ́ Sátidé, wá ọmọ mẹ́ta tí kì í sọ̀rọ̀: ọ̀kan di àbẹ́là oníhun mú, ọ̀kan gbé ife wáìnì, ọ̀kan gbé àpótí kànáfùrù kiri kí gbogbo èèyàn gbóòórùn rẹ̀. Kọ́ wọn ní ọ̀sán Sátidé. Ọmọ tó di àbẹ́là mú kò lè wà lẹ́yìn èrò, àárín gbùngbùn ló máa dúró sí, gbogbo èèyàn á sì máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ilé-ìwé bá ń lọ sí Poland

Year 12 ló sábà máa ń lọ. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.3 Júù ló ń gbé Poland. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 nínú wọn ni Násì àti àwọn alábàáṣe wọn pa. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti gbé ayé, kì í ṣe ibi tí wọ́n kú sí. Mú wọn lọ sí Kazimierz, àdúgbò Júù àtijọ́ ní Kraków. Ní Lublin, mú wọn wọ ilé ẹ̀kọ́ Tórà tí Rábì Meir Shapiro ṣí ní 1930. Òun náà ló dá a lábàá ní 1923 pé kí Júù kárí ayé máa ka ojú ìwé kan náà lójoojúmọ́ nínú Tálímọ́ọ̀dù, àkójọ àlàyé àwọn rábì àtijọ́ lórí òfin, wọ́n sì ń ṣe é títí dòní. Jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ojú ìwé ti ọjọ́ yẹn ní méjì-méjì nínú ilé náà. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ lọ sí Majdanek, àgọ́ tí Násì ti pa èèyàn, tó wà lẹ́bàá ìlú kan náà.

Má ṣe ní kí ọmọ ṣe bíi pé òun wà nínú àgọ́ náà, má ṣe fi eré orí ìtàgé kọ́ ọ. Má ṣe wo ẹni tó ń sunkún tàbí ẹni tí kò sunkún. Gbogbo alẹ́, kí wọ́n jókòó ní ẹgbẹ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ pẹ̀lú àgbàlagbà kan kí wọ́n tó sùn, bó ti wù kí ó rẹ̀ wọ́n tó.

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì àti iyèméjì

Wọ́n máa bi ọ́ nípa Gásà, wọ́n máa bi ọ́ bóyá Ọlọ́run wà. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1996, apá 406 àti 407, kò jẹ́ kí ilé-ìwé fi èrò òṣèlú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ọmọ. Yàtọ̀ sí òfin, ọmọ tó ní ìbátan ní Tel Aviv àti ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ nítorí àwọn ọmọdé Gásà lè wà lórí àga kan náà, ó sì lè jẹ́ ọmọ kan náà ni. Fi ìlànà lélẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀: èèyàn ń sọ tara rẹ̀, kì í sọ ti ẹlòmíì, a kì í ká ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ẹni tó bá fẹ́ jáde lè jáde láìsọ ìdí. Kí àgbàlagbà méjì wà níbẹ̀.

Ní ti iyèméjì, má ṣe yára dáhùn. Má sì ṣe yí ọmọ padà lẹ́yìn òbí rẹ̀. Bó bá fẹ́ máa pa Sábáàtì mọ́ nígbà tí ilé rẹ̀ kì í pa á mọ́, ràn án lọ́wọ́ láti bá ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: fa iṣẹ́ lé àwọn àgbà ọmọ lọ́wọ́

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ Year 12 lè sọ fún ọmọ Year 7 ohun tí ìwọ kò lè sọ fún un. Púpọ̀ lára wọn ti ń ṣe madrich nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bíi Bnei Akiva, Habonim Dror, RSY-Netzer tàbí JLGB, tó ti wà láti 1895. Má ṣe bá àwọn ẹgbẹ́ yìí dù wọ́n. Pe gbogbo ẹgbẹ́ wá bákan náà. Jẹ́ kí àwọn àgbà ọmọ kọ peula tiwọn, kí o kà á ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí o wà nínú yàrá, kí o sì pa ẹnu mọ́ bí wọ́n bá ń ṣe é.

Lẹ́yìn gbogbo ètò, gba ọjọ́ ìsinmi tó tọ́ sí ọ fún òpin ọ̀sẹ̀ tí o fi ṣiṣẹ́; béèrè fún un lórí ìwé. Kí o sì kọ ojú ewé kan fún ètò náà: àwọn tó wá, ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí kò lọ dáadáa, iye tí ẹ ná, nọ́ńbà ẹni tó ni ibùdó. Àwọn ayẹ̀wéwò Pikuach, tó ń wo ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nílé-ìwé Júù, lè béèrè ohun tí ẹ̀ka rẹ ń ṣe, ẹni tó máa gba ipò rẹ sì máa nílò rẹ̀ jù wọ́n lọ. Kọ ọjọ́ sórí rẹ̀, kí o fi í sínú fáìlì ẹ̀ka, kì í ṣe sínú kọ̀ǹpútà tìrẹ.